Ọdún Tí Rédíò Pe Orúkọ Bàámi

Nínú ilé wa ní Ìsọlọ̀, ẹni tí kò bá rí ayọ̀ kan sọ kò ní í jẹun alẹ́. Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà o. Bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, tí Bàámi ti ka Bíbélì tán, Màámi á wò wá yí ká, wọ́n á ní, "Ó yá o, kí ni Ọlọ́run fi mú inú rẹ dùn lónìí?" Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òní, o ò sì gbọdọ̀ tún èyí tí o sọ lánàá sọ. Èmi tí mo jẹ́ àbíkẹ́yìn, tí mo sì lẹ díẹ̀, mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ọgbọ́n gbé e. Mo rò pé lójoojúmọ́ ni n ó máa sọ pé, "Inú mi dùn pé mo wà láàyè." Ọjọ́ kejì péré ni Màámi dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ṣadé, ìyẹn ti gbó. Wá òmíràn." Báyìí ni ìrẹsì mi ṣe tutù níwájú mi, tí mò ń wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ayọ̀ sí, tí Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n mi sì ń fi ẹsẹ̀ ta mí lábẹ́ tábìlì, nítorí kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kan síbí àfi tí gbogbo wa bá sọ tiwa tán.

Ti Màámi fúnra wọn kì í ju nǹkan kékeré lọ. "Ata tí mo rà lónìí, ẹyọ kan ò rà nínú rẹ̀." "Mo gúnyán, kò ní kókó." "Adìẹ Ìyá Ṣíkírá ò yàgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà wa láti àárọ̀." Wọ́n á sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn. Wọ́n kórìíra kí Kírísítẹ́nì máa fajú ro kiri. Wọ́n á ní, "Ọmọ Ọlọ́run kì í rìn bí ọmọ tí kò ní bàbá." Ẹ wá wò ó, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà yẹn, bí ojú èèyàn bá ṣe le tó ni wọ́n ṣe ń rò pé ìwà mímọ́ rẹ̀ pọ̀ tó, Bàámi sì wà lára àwọn tí ojú wọn le. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, akọ̀wé ìjọba, ọmọ Èkìtì tòótọ́, wọn ò purọ́, wọn ò mutí, àmọ́ ẹ̀rín wọn ṣọ̀wọ́n. Bí ó bá kan tiwọn nídìí oúnjẹ, wọ́n á ní, "Mo dúpẹ́ pé mo lọ, mo sì bọ̀." Ó tán. Màámi á wò wọ́n díẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀. Àwa ọmọ ò gbọdọ̀ dán irú ẹ̀ wò.

Yàrá méjì la háyà nínú àgbàlá kan tí kò jìnnà sí Aswani, tí yàrá kojú yàrá, tí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo sì wà láàárín fún gbogbo wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bí atẹ́gùn bá gbé e wá, à ń gbọ́ fèrè rélùwéè láti Òṣòdì. Lẹ́yìn ìyẹn, korobá ni yóò máa dún gbàn-ìn gbàn-ìn lẹ́nu ẹ̀rọ, tí àwọn obìnrin yóò máa jà sí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ìgbálẹ̀ mi ló kàn, nítorí èmi ni mo ń gbá àgbàlá. Kí n tó gbá a tán, ẹ̀rọ ìránṣọ Ìyá Ṣíkírá á ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Ìyá Ṣíkírá, Mùsùlùmí ni wọ́n, aránṣọ, yàrá wọn ló kojú tiwa, ohùn wọn sì tó ti èèyàn mẹ́ta. Owó epo ti dé ìlú nígbà náà. Ojoojúmọ́ ni ẹnì kan ń gbé nǹkan tuntun wọlé, fáànù lónìí, fíríìjì lọ́la, rédíò tó tóbi bí àpótí lọ́túnla, gbogbo àgbàlá á sì jáde lọ wò ó, wọ́n á kí ẹni tó rà á kú oríire. Mo rò nígbà náà pé ohun tí wọ́n ń pè ní ayọ̀ nìyẹn. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Ìjọba bá yí padà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí oyè ní àwọn fẹ́ tún iṣẹ́ ìjọba ṣe, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, wọ́n sì ń ka orúkọ wọn lórí rédíò. Kò sí ìwé, kò sí ìkìlọ̀. O lè ti ibi tí o ti ń jẹun gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀rù bo ilé wa. Bí wọ́n bá lé Bàámi pẹ́nrẹ́n, kò sí ọ̀nà mìíràn ju ká kó ẹrù padà sí Èkìtì, Káyọ̀dé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga á fi í sílẹ̀, gbogbo ayé á sì máa fojú olè wo Bàámi, nítorí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ ni pé ìjọba kì í lé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Èyí gan-an ló ń pa Bàámi jẹ. Wọn ò jẹun yó mọ́. Bí orin ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ dúró sẹ́yìn ilé bí ẹni tó fẹ́ tọ̀, kí àwa má baà rí ojú wọn. Síbẹ̀, bí a bá jókòó sídìí oúnjẹ, Màámi á béèrè ìbéèrè wọn. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí i. Mò ń sọ lọ́kàn mi pé, kí ló dé tí obìnrin yìí ò rí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀?

Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bàámi ò tíì dé láti Èkó, Màámi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, èmi jókòó tì wọ́n. Rédíò ń ka orúkọ lọ, ẹ̀rọ Ìyá Ṣíkírá ń lọ gìrìgìrì, lójijì ẹ̀rọ náà dúró. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi: "J. A. Òjó." Bàámi ni J. A. Òjó. Ẹni tó ń pọn omi fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lóun nìkan, omi ń ṣàn. Màámi ò ké. Wọ́n wo ẹ̀wà ọwọ́ wọn, wọ́n mú òkúta kan kúrò nínú rẹ̀, wọ́n jù ú nù, wọ́n tún ń ṣa á lọ. Ìyá Ṣíkírá ló ké fún wọn. "Ọlọ́run Ọba o! Bàbá Káyọ̀dé kẹ̀? Ẹni tí kò mú pẹ́ńsù ìjọba wálé rí!"

Bàámi ò tíì dé ẹnu géètì tí wọ́n fi mọ̀. Ojú àwọn èèyàn ti sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n kí gbogbo wọn ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, wọ́n wọlé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n to ó dáadáa sábẹ́ àga. Àgbàlá wa ní àṣà kan, pé a kì í lọ kí ẹni tí nǹkan ṣe lọ́wọ́ òfo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, búrẹ́dì ti dé, gààrí ti dé, iṣu ti dé, ẹnì kan tilẹ̀ gbé adìẹ wá. Ìyá Ṣíkírá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹ má bara jẹ́ o, Bàbá Káyọ̀dé. Ọlọ́run á fi èyí tó dáa jù ú lọ rọ́pò rẹ̀." Bàámi ní, "Àmín, ẹ ṣé." Àwọn àjèjì láti ojúlé kejì náà wá. Gbogbo ẹrù náà kún igun yàrá wa bí ọjọ́ ìkórè, mo sì jẹ̀wọ́ fún yín, mo yọ búrẹ́dì kan nínú rẹ̀, mo bá a lọ sẹ́yìn ilé, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé. Ó dùn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, a jókòó sídìí ẹ̀wà, Bàámi ka Bíbélì, ohùn wọn ò gbọ̀n. Mo rò pé Màámi á ṣàánú wa. Wọ́n wò wá yí ká, wọ́n ní, "Kí ni Ọlọ́run fi mú inú yín dùn lónìí?" Káyọ̀dé wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀. Màámi ní, "Ó dáa, kí n bẹ̀rẹ̀. Omi yọ lẹ́rọ lónìí kí n tó débẹ̀, n ò bá ẹnikẹ́ni jà." Bàámi gbójú sókè. Ohùn wọn le. "Ìyá Káyọ̀dé, ṣé o ò gbọ́ ohun tí wọ́n kà ni?" "Mo gbọ́ ọ," ni Màámi wí. "Omi sì yọ." Bàámi ní, "Èmi ò ní ayọ̀ kankan láti sọ." Mo rò pé ìjà ti dé nìyẹn, torí òfin ni òfin. Màámi kàn fa àwo Bàámi sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n bu ẹ̀wà sí i, wọ́n tì í padà síwájú Bàámi. "Ẹ jẹ́ ká jọ pín tèmi," ni wọ́n wí. "Omi náà kún korobá méjì." Bàámi wò wọ́n títí, wọ́n bá mú síbí. Ní ọjọ́ tí mo wà yìí, tí èmi náà ti sin ọkọ, tí mo ti tọ́ ọmọ, mo ṣì ń ronú nípa ẹ̀wà yẹn. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé Màámi ò mọ ohun tó ń dun èèyàn ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọn ò kàn gbà kó jẹ́ òun ló máa dárí ilé wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàámi wọ kóòtù tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àwọn ń lọ kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì fún ìjọba, pé ẹni tó bá fi òótọ́ wọlé, òótọ́ ló yẹ kó fi jáde. A ò lọ sílé ẹ̀kọ́. Títí di ọ̀sán làwọn èèyàn ń wá, ẹrù ń pọ̀ sí i. Oòrùn ti là kọjá àárín sánmà nígbà tí mo rí Bàámi tí wọ́n ń bọ̀ láti ojú títì. Táì wọn wà lọ́wọ́, kóòtù wà léjìká, wọ́n ń sáré. Bàámi! Mi ò rí wọn kí wọ́n sáré rí láyé. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń fi ìka gún àyà ara wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Èmi kọ́. Èmi kọ́ o. J. A. Òjó mìíràn ni, nílé iṣẹ́ mìíràn. Jacob ni tiẹ̀, Joseph lèmi. Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló fi ìwé orúkọ náà hàn mí."

Ha! Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ ò rí ijó. Ìyá Ṣíkírá kígbe "Alhamdulillahi", wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Káyọ̀dé ń fò. Màámi kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, wọ́n fi iwájú orí kanlẹ̀. Èmi jó yí àgbàlá ká, mò ń pàtẹ́wọ́, mo sì fi ẹnu ara mi ṣe orin, mò ń kọ ọ́ tagbáratagbára pé, "Kì í ṣe bàbá mi, bàbá ẹlòmíràn ni! Kì í ṣe bàbá mi, bàbá ẹlòmíràn ni!" Àwọn èèyàn ń gbè é. Màámi dìde. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú, kò dùn mí, àmọ́ mo dákẹ́. Wọ́n yíjú sí Bàámi. "Bàbá Káyọ̀dé, Jacob yẹn, níbo ló ń gbé?"

Bàámi ní, "Wọ́n ní Èjìgbò ni." Wọ́n ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, wọ́n bá yára fi kún un pé, "Ìyá Káyọ̀dé, jọ̀ọ́. Bí iṣu ẹni bá ta, à ń fọwọ́ bò ó jẹ ni. Wọn ò tíì ka orúkọ tán. Bí wọ́n bá rí wa nílé ẹni tí wọ́n lé, wọ́n á ní ẹgbẹ́ kan náà ni wá. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Màámi fetí sílẹ̀ títí wọ́n fi sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, "Mo gbọ́, ẹ̀yin lẹ ni ilé. Ṣùgbọ́n ẹ wo igun yàrá yìí. Àwọn èèyàn gbé oúnjẹ wá fún J. A. Òjó tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ni?" Màámi nawọ́ sí ẹrù náà, wọ́n ní, "Ẹrù ẹlẹ́rù ló wà nílé wa. Wọ́n ṣì í gbé ni." Ìyá Ṣíkírá ní kò sí ẹni tó máa gba nǹkan rẹ̀ padà, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ ẹ́ ní ẹ kú oríire. Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyá Ṣíkírá, bí mo bá jẹ ẹ́, kò ní í dà." Ìyá Ṣíkírá wò wọ́n, wọ́n wọlé, wọ́n tún gbé abọ́ gààrí kan jáde. "Ẹ bá mi fi èyí kún un."

Àwa mẹ́ta la lọ, Màámi, Káyọ̀dé àti èmi. Bàámi ò bá wa lọ, wọn ò sì ní ká má lọ. Èjìgbò ìgbà yẹn jìnnà sí ayé. Lẹ́yìn tí a kọjá àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́, igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ló kù. Gààrí wà lórí mi, iṣu wà lórí Káyọ̀dé, Màámi ru èyí tó kù, adìẹ sì ń ké lọ́wọ́ wọn. Inú ń bí mi. Mo ní, "Màámi, ṣé inú yín ò dùn ni?" Wọ́n ní, "Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ ò dùn mí. Ayọ̀ tí Ọlọ́run fún mi ni mò ń rù lọ yìí. Má wulẹ̀ da gààrí nù."

A béèrè, wọ́n júwe. Ọkùnrin kan ló ṣílẹ̀kùn fún wa, ó ró ìró, irùngbọ̀n ti hù ú. Ó wo ẹrù wa. Ìyàwó rẹ̀ yọjú lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Màámi kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ìyàwó J. A. Òjó ni mí, Òjó tí kì í ṣe yín. Rédíò pe orúkọ yín, àwọn ará ilé wa rò pé ti ọkọ mi ni, wọ́n bá ń gbé nǹkan wá bá wa kẹ́dùn láti àná. Ẹrù yín rèé, sà. Kò pé. Búrẹ́dì kan dín níbẹ̀, ọmọbìnrin yìí ló jẹ ẹ́." Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì, mo ṣáà fẹ́ kó lanu. Ọkùnrin náà wò mí. Ó wo adìẹ. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n níkùn rẹ̀, mo rò pé ẹkún ni, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Ìyá Túndé, o gbọ́? Wọ́n bá mi kẹ́dùn! Ilé onílé ni wọ́n ti ń bá mi kẹ́dùn!" Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Nígbà tó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Mà, láti àná, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn yìí. Àwọn tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ kọjá kí wọ́n má baà rí wa."

Wọ́n fún wa ní àga. Ìyàwó rẹ̀ dáná, Màámi bá a bẹ iṣu, wọ́n ń sọ̀rọ̀ iṣu àti ọmọ bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Oúnjẹ ò tíì jinná tí a gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàámi ni. Eruku bo bàtà wọn dé kókósẹ̀. Ibi tí wọ́n jókòó sí nílé ló gbóná ju kí wọ́n lè jókòó lọ. Wọ́n dúró, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ, àwọn tó ń wàásù fún odindi ìjọ! Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí mo rí i pé kì í ṣe èmi, inú mi dùn. Inú mi dùn púpọ̀." Ọkùnrin náà ní, "Ta ni inú rẹ̀ kò ní í dùn?" Ó fa àga fún wọn.

Mo mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà. Mo mọ̀ pé wọn ò pe orúkọ Bàámi títí wọ́n fi dákẹ́ orúkọ pípè, pé Káyọ̀dé ka ìwé rẹ̀ tán, pé Jacob Òjó rí iṣẹ́ mìíràn ní Ìsọlọ̀ kí ọdún tó yí, tí ilé méjèèjì sì di ìdílé kan. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa. Rédíò tún máa sọ̀rọ̀ láìpẹ́. Bí a ti jẹun tán, ọkùnrin náà béèrè lọ́wọ́ Bàámi ní ohùn jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ̀yin, ṣé ọkàn yín ti balẹ̀?" Bàámi mi orí. Wọ́n ní, "Rárá. Wọn ò tíì kà á tán." Ọkùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ yìí bá dìde, ó so ìró rẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà fún yín." Bàámi, tí mi ò rí kí wọ́n kúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́ wọn rí, kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá náà. Ó gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Ó ní, "Olúwa, èyí tí mo gbọ́ lórí rédíò, má jẹ́ kí arákùnrin mi yìí gbọ́ ọ." Bàámi ní, "Àmín." Wọ́n sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n tún ní, "Àmín."